Àlejò Wọ̀lú, Ó Ń Wá Ibùwọ̀: Ìtàn Wíwá Ilé Gbé Láàrin Àwọn Tó Ṣí Wá sí Èkó, 1852 sí 2011

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn ènìyàn tó ṣí wá sí Èkó gbà rí ilé gbé, láti 1852 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, títí di 2011 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lórí ilé yíyá. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni iṣẹ́ náà gbájú mọ́: Sàró àti Àgùdà, àwọn ará Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, àwọn Ẹ̀gbá tí Ìfọ́lé lé dé Ẹ̀búté Mẹ́ta, àti àwọn tí wọ́n kó láti àárín Èkó lọ sí Sùúrùlérè. Èrò tí iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ ni pé ohun mẹ́ta ni àlejò máa ń nílò kí ó tó rí ilé: ẹni tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ fún un, ìwé tí yóò jẹ́rìí rẹ̀, àti owó. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ìwé àti owó ń gba ipò lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kankan tí ipò ènìyàn ṣófo pátápátá.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ọ̀rọ̀ yìí fúyẹ́ lẹ́nu ẹni tó ní ilé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú tí kò ti mọ ẹnì kankan ni ó mọ bí ó ti wúwo tó. Bóyá ìdí nìyí tí ìbéèrè tí onílé kọ́kọ́ máa ń bi àlejò kì í fi í ṣe nípa iṣẹ́ tàbí nípa owó, bí kò ṣe "Ilé ta ni ẹ wọ̀ sí?" Àlejò tí kò bá rí ìdáhùn fọ̀ sí ìbéèrè yìí ti di ẹni tí a ń fura sí.

Ní ayé àtijọ́, kì í ṣe àṣà Yorùbá pé kí àlejò máa ti ojúlé dé ojúlé kiri láti wá yàrá tí yóò sanwó fún. Ọ̀dọ̀ baálé kan ni yóò forí lé. Bí baálé bá gbà á, yóò fún un ní yàrá nínú agbo ilé. Bí àlejò bá fẹ́ dáko, baálé ni yóò mú un dé iwájú onílẹ̀, tí yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ìlú Ìbàdàn jẹ́ àpẹẹrẹ tó yanjú. Láti nǹkan bí 1829 ni àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn ti ń rọ́ wọ ibẹ̀, láti Ọ̀yọ́, láti Ifẹ̀, láti Ìjẹ̀bú àti láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹni tó bá dé yóò wá ológun kan tí yóò sá sábẹ́ rẹ̀. Àlejò rí òrùlé àti ààbò. Ológun rí ọmọlẹ́yìn, ọmọ ogun àti àgbẹ̀. Ilé kì í ṣe ọjà nígbà náà, ìbáṣepọ̀ ni.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ìbáṣepọ̀ yìí nígbà tí ìwé àti owó wọ inú ọ̀rọ̀ ilé? Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn nìyí. Èkó ni ó yẹ kí a ti wá ìdáhùn rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìwé ilẹ̀ ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, ibẹ̀ náà sì ni àlejò ti ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró fún ohun tó lé ní 150 ọdún.

2.0 Sàró, Àgùdà àti Ìwé Àkọ́kọ́

Àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí à ń pè ní Ìdẹ́jọ ni onílẹ̀ ní Èkó. Lára wọn ni Ọlọ́tọ̀, Arómirẹ́, Olúwa àti Oníru. Ìjòyè kọ̀ọ̀kan kò ní ilẹ̀ náà fún ara rẹ̀ nìkan. Ó ń ṣe àkóso rẹ̀ fún ẹbí. Àlejò tó bá tọrọ àyè láti kọ́lé yóò rí i gbà bí ó bá jẹ́ ọmọlúàbí. Ó lè gbé ibẹ̀ títí, àwọn ọmọ rẹ̀ náà lè gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ láti ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, tí Akíntóyè sì padà sí ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1852, Akíntóyè fọwọ́ sí àdéhùn láti fòpin sí òwò ẹrú. Láti ìgbà náà ni àwọn Sàró àti Àgùdà ti ń wọ Èkó lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn Sàró ni àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lórí omi, tí wọ́n sì tẹ̀ dó sí Freetown. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn kan lára wọn ti ń padà wá sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Àwọn Àgùdà wá láti Brazil, pàápàá láti Bahia, níbi tí ìgbé ayé ti túbọ̀ le fún àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí dì ní Salvador ní 1835.

Púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọmọ Yorùbá, síbẹ̀ àlejò ni wọ́n ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ìlú tí wọ́n ti kó wọn ni ogun ti fọ́, àwọn ẹbí wọn sì ti fọ́n káàkiri. Wọ́n padà wálé, ṣùgbọ́n ilé tí wọn ìbá padà sí kò sí mọ́. Apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà, ní Olówógbowó, ni àwọn Sàró tẹ̀ dó sí. Àwọn Àgùdà tẹ̀ dó sí àdúgbò tí a wá mọ̀ sí Pópó Àgùdà. Ọba ni ó ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn níwájú ìlú.

Lẹ́yìn ikú Akíntóyè ní 1853, Dòsùmú ọmọ rẹ̀ jọba, òun ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé fún àwọn àlejò ní ilẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga ni ó mú kí àwọn Sàró béèrè ìwé. Gẹ́gẹ́ bí Kristin Mann ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí Èkó tó jáde ní 2007, oníṣòwò tó ní ìwé ilé lè fi ilé dúró láti gba ọjà àwìn lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó. Ilé ti kúrò ní ibi tí a ń sùn nìkan. Ó ti di ohun tí a lè fi ṣòwò. Ní ojú onílẹ̀, ẹni tí wọ́n fún láyè ni àlejò náà. Ní ojú ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́, ilẹ̀ ti di tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò dọ́gba.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní 1863, ìjọba yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí ẹni tó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fún àwọn ènìyàn ní ìwé lórúkọ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó tètè gba ìwé lo àǹfààní náà dáadáa. Àwọn Àgùdà tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a fi ọnà ṣe ojú fèrèsé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. João Baptista da Costa, ọ̀kan lára wọn, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹni tó wá bí àlejò ti di ẹni tó ń kọ́lé fún onílé.

3.0 Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó: Àlejò Abẹ́ Olóyè

Nígbà tí Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ forí lé. Ní 1862, ìjọba gbà kí wọ́n padà. Ọ̀ṣódì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́ tí í ṣe ọmọ Tápà, ni ó ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó padà náà. Ibi tí ìjọba wá fún wọn ni à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Agbo ilé 21 ni wọ́n pín ibẹ̀ sí.

Àwọn tó wà nínú àwọn agbo ilé wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀pọ̀ jẹ́ àrọ́tà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú tàbí ọmọ-ọ̀dọ̀ nílé olóyè àti àwọn ọmọ wọn. Ọ̀ṣódì kú ní 1868; ní ọdún tó tẹ̀lé e ni ìjọba fún àwọn olórí agbo ilé ní ìwé. Ìwé náà kò sọ bóyá olórí agbo ilé ni ó ni ín, tàbí ẹbí Ọ̀ṣódì, tàbí gbogbo ẹni tó ń gbé inú ọgbà. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ kò tíì gbówó lórí, kò sẹ́ni tí ìbéèrè yìí dààmú. Nígbà tí ìjọba nílò apá kan ilẹ̀ náà tí owó gbà-má-bínú sì dé, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ẹjọ́ àárín olóyè Ọ̀ṣódì àti àwọn tó ń gbé ibẹ̀ rìn títí ó fi dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930.

Ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wo ọdún yìí. Láti 1862 dé 1930 jẹ́ ọdún 68. Àwọn tí wọ́n bí sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ti di baba àgbà, síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ ṣì ń béèrè ní ti gidi pé, "Ilé ta ni àwọn baba yín wọ̀ sí?" Onígbọ̀wọ́ tó gba àlejò lọ́wọ́ ewu lè wá di ẹni tí ọmọ àlejò ń bá ṣẹjọ́. Nígbà tí irú ẹjọ́ báyìí pọ̀ jù, ìjọba ní kí Mervyn Tew ṣe ìwádìí lórí ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ní Èkó. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1939, òfin tó jẹ mọ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó àti ti àwọn àrọ́tà sì tẹ̀lé e ní 1947.

4.0 Ìfọ́lé àti Àgọ́ Ẹ̀gbá ní Ẹ̀búté Mẹ́ta

Ìjọba Èkó àti àwọn Ẹ̀gbá ti ń bá ara wọn fa wàhálà lórí ọ̀nà ọjà àti owó bodè fún ọdún díẹ̀. Ní 1865, ọmọ ogun John Glover lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní ẹ̀yìn odi Ìkòròdú. Ìbínú yìí ló bú jáde ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1867. Wọ́n kó ẹrù ilé ìjọsìn àti ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere, wọ́n ba ilé náà jẹ́, àwọn òyìnbó sì fi ìlú sílẹ̀. Orúkọ tí àwọn ènìyàn fún ọjọ́ náà ni Ìfọ́lé. Orúkọ yìí kò pe ọba, kò pe ogun; ilé ni ó pè, nítorí ilé ni ó dun àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jù lọ.

Ọ̀pọ̀ Kristẹni Ẹ̀gbá ló tẹ̀lé àwọn ajíhìnrere wá sí Èkó. Glover kò fi wọ́n há ojúlé àwọn ará erékùṣù. Ẹ̀búté Mẹ́ta, ní òdì kejì ọ̀sà, lórí ilẹ̀ tí í ṣe ti ẹbí Ọlọ́tọ̀, ni ó kó wọn lọ. Ó la òpópónà tó tọ́ gbọrọgbọrọ, ó wọn ilẹ̀ sí ojúlé-ojúlé, àwọn tó gbà á sì gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni a mọ̀ sí Àgọ́ Ẹ̀gbá.

Ohun tuntun méjì ni ó wà nínú ọ̀nà tí àwọn wọ̀nyí gbà rí ilé. Èkíní, wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ baálé kankan. Ìjọba ni baálé wọn. Èkejì, bí ilé tilẹ̀ jẹ́ tuntun, aládùúgbò jẹ́ ti àtijọ́. Ará ìlú kan náà ni wọ́n, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ, ohùn kan náà ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó pàdánù ilé rẹ̀ lójijì kò pàdánù àwọn ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò sí àní-àní pé èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí Àgọ́ Ẹ̀gbá tètè fìdí múlẹ̀.

Àlébù rẹ̀ náà wà. Tíkẹ́ẹ̀tì kò sọ ibi tí ẹ̀tọ́ Ọlọ́tọ̀ parí sí àti ibi tí ti Ẹ̀gbá ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò mú àlejò dé iwájú onílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, onílẹ̀ kò sì gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí pẹ̀lú wà lára ohun tí Tew wádìí, a sì ṣe òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní 1947, lẹ́yìn 80 ọdún.

5.0 Láti Àárín Èkó sí Sùúrùlérè

Ìbéèrè lórí ẹni tó ni ilẹ̀ rí ìdáhùn pàtàkì kan ní 1921. Ìjọba ti gba ilẹ̀ ní Àpápá ní 1913, wọ́n sì fẹ́ san owó fún Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, bí ẹni pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ju gbígba ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Ó pe ẹjọ́, Herbert Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Privy Council sì dá a láre ní ọdún tó tẹ̀lé e pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ẹbí àti ará ìlú, owó kíkún ni kí ìjọba san fún wọn. Ìdájọ́ yìí gba onílẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa ayálégbé.

Bẹ́ẹ̀ àwọn ayálégbé ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ ní 1896, afárá Carter tó so erékùṣù mọ́ ilẹ̀ ní 1901, àti iṣẹ́ ìjọba fa ènìyàn wá láti ibi gbogbo. Èrò há mọ́ra ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní 1924, ìjọba rí i pé ilé ti di ọ̀rọ̀ ìlera. Ní 1928 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Ètò ìkànìyàn 1952 fi hàn pé ènìyàn tó ń gbé Èkó ju 267,000 lọ. Nígbà tí yóò fi di 1963, wọ́n ti ju 665,000.

Ní 1955 ni ìgbìmọ̀ yìí gbé ètò kan kalẹ̀ láti wó ilé tó wà lórí nǹkan bí éékà 70 ní àárín Èkó, kí wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Peter Marris, ẹni tó ṣe ìwádìí láàrin wọn, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó rí yẹ fún àròjinlẹ̀. Ilé tuntun mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, ó ní omi àti ilé ìwẹ̀, àyè sì gba ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó ń gbé ilé ẹbí lọ́fẹ̀ẹ́ ní Èkó wá di ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù. Àwọn obìnrin tó ń tajà sí ẹnu ọ̀nà pàdánù oníbàárà. Àwọn ọkùnrin ń ná owó mọ́tò lójoojúmọ́ kí wọ́n tó dé ibi iṣẹ́. Ẹbí tí wọ́n ń rí láràárọ̀ di ẹni tí wọ́n ń lọ kí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí agbára àwọn mìíràn kò gbé e mọ́, wọ́n kó jáde, wọ́n tún ń wá ilé kiri.

Bí a bá fi èyí wé Àgọ́ Ẹ̀gbá, ìyàtọ̀ yóò hàn kedere. Ìjọba ni ó fún àwọn méjèèjì ní ilé. Àwọn Ẹ̀gbá kó aládùúgbò wọn dání wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Èkó fi tiwọn sílẹ̀. Àwọn ará Èkó wọ̀nyí kò sì ti òkè òkun wá, wọn kò sá ogun. Ọmọ ìlú ni wọ́n tí wọ́n di àlejò láìkúrò ní ìlú wọn. Ìgbìmọ̀ náà ka yàrá, kò ka ẹbí.

6.0 Owó Di Onígbọ̀wọ́

Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti gba òmìnira ní 1960, owó ni ó túbọ̀ gba iwájú. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní 1978 gbé àṣẹ lórí ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé gómìnà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onílẹ̀ kò yé gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ra ilẹ̀. Ẹni tí kò lágbára àtirà ń yá yàrá. Ẹni tí kò lágbára àtiyá ń lọ sí etí omi. Ìlú Màrókò jẹ́ ọ̀kan lára irú ibẹ̀, títí ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fi wó o ní oṣù Keje ọdún 1990. Ohun tí a sábà máa ń kà ni pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó di aláìnílé. Àwọn wọ̀nyí ní aládùúgbò, wọ́n sì ti san owó, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìwé tí ìjọba kà sí.

Ní ti ayálégbé, ó di àṣà kí onílé máa béèrè owó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí owó ẹjẹ́ńtì àti owó ìwé àdéhùn tún gorí rẹ̀. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ka á léèwọ̀ fún onílé láti gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti àdúgbò GRA ní Ìkẹjà sílẹ̀. Àwọn tó nílò ilé lójú méjèèjì kì í sì í fẹ́ fi onílé sùn.

Síbẹ̀, ènìyàn kò kúrò nínú ọ̀rọ̀. Onílé tó gba owó pé ṣì ń béèrè onígbọ̀wọ́ tí yóò fọwọ́ sí ìwé. Ó ń béèrè ìlú àlejò, iṣẹ́ rẹ̀, àti bóyá ó ti gbéyàwó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó ni ó kọ́kọ́ ń fi orí pamọ́ sọ́dọ̀ ará ìlú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tàbí ọmọ ìjọ rẹ̀. Ìbéèrè baálé àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń bi í, aṣọ ni ó pààrọ̀.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí tọ pinpin rẹ̀ fi hàn pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ààrò ilé ní: ènìyàn, ìwé àti owó. Sàró àti Àgùdà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì di onílé. Ará Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní ènìyàn, ìwé wọn ni kò yanjú. Ará Àgọ́ Ẹ̀gbá ní aládùúgbò àti tíkẹ́ẹ̀tì, wọn kò ní àdéhùn pẹ̀lú onílẹ̀. Ará Sùúrùlérè rí ilé gbà, wọ́n pàdánù ènìyàn, owó sì ta wọ́n nù. Ará Màrókò kò ní ìwé, ilé wọn sì wó. Níbi tí ẹsẹ̀ kan bá ti yẹ̀ lára ààrò, ọbẹ̀ kò ní ṣàì dànù.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ ìtàn kò mọ sí Èkó. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lè lọ béèrè lọ́wọ́ àgbà agbo ilé pé: Níbo ni ẹni tó tẹ ilé yìí dó ti wá? Ta ni ó wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀? Ìwé wo ni wọ́n fún un? Àwọn ìdáhùn náà yóò kọ́ wọn pé ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń pè ní onílé lónìí, ọmọ ẹni tó wá tọrọ ibùwọ̀ ni wọ́n. Ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra pẹ̀lú, kí ìwádìí báyìí má bàa di ohun èlò fún ẹni tó fẹ́ lé aládùúgbò rẹ̀ jáde. Kò yẹ kí ẹni tí wọ́n bí sí ìlú, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ sì sùn sínú ilẹ̀ rẹ̀, tún máa dáhùn ìbéèrè pé ilé ta ni ó wọ̀ sí.